Páìpù Gáàsì: Dídákẹ́ Ọ́fíìsì Kì í Ṣe Àṣẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lẹ́nu àwọn olówó àti àwọn òṣèlú, ó sì ti dé ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán nílé iṣẹ́. Wọ́n ní ìwé àṣẹ láti ri páìpù gáàsì mọ́lẹ̀ ń pẹ́ jù lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní kí òfin mú un yá. Wọ́n ní bí kò bá yá, ilé iṣẹ́ yóò máa kógbá wọlé, àwa òṣìṣẹ́ ni ìyà rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ jẹ. Àwọn kan nínú wa ti ń mi orí pé òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀ka wa ní Ìlárá Rẹ́mọ fi ní kí a kọ ọ́ síbí, kí a là á yé ara wa, kí wọ́n má baà fi orúkọ òṣìṣẹ́ tọrọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wá ní ọ̀tá ìlọsíwájú: àwa fẹ́ gáàsì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ láti Ṣàgámù dé Ìpẹ́rù mọ ohun tí dísẹ́lì ń fojú wa rí. Bí owó dísẹ́lì bá gòkè, ọ̀gá á ní kí a dín ṣífùtù kù. Bí ṣífùtù bá dín kù, owó ofatáìmù lọ nìyẹn. Bí ó bá tún pẹ́ díẹ̀, wọn a lẹ orúkọ mọ́ ògiri pé kí àwọn kan máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ gáàsì wà nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti rí ní Nàìjíríà ju tirílíọ̀nù 200 kúbíìkì fíìtì lọ, kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan ní Áfíríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀. A kò lè máa sùn ti odò kí a tún máa fi itọ́ fọ ojú. Kí páìpù dé Rẹ́mọ, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí owó oṣù wọlé: èyí ni àdúrà wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà mú nǹkan yá. Ọ̀kan ni kí ẹni tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Èkejì ni kí wọ́n di ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èkejì yìí ni àwa kò gbà.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ òfin kíákíá yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ń dele fún Ààrẹ, wọ́n fi ọwọ́ sí àṣẹ kan lórí bí iṣẹ́ ajé yóò ṣe rọrùn. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ọmọ Rẹ́mọ wa ni. A kò bá a jà, inú rere ni ó fi ṣe é. Àṣẹ náà ní kí ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ọ̀kan kọ iye ọjọ́ tí yóò fi dá oníwèé lóhùn, kí gbogbo ayé rí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó tún fi èyí kún un: bí ọjọ́ náà bá pé tí ọ́fíìsì kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kà á sí pé ó ti gbà. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin tó múlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin mímú iṣẹ́ ajé rọrùn ti 2022. Ààrẹ Bùhárí fi ọwọ́ sí i ní oṣù kejì 2023. Ní 2024, Ààrẹ Tinúbú tún pàṣẹ pé kí gbígbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe nínú iṣẹ́ epo àti gáàsì má ṣe ju oṣù 6 lọ, nítorí pé ó ti ń gba ọdún mélòó kan tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tí akọ̀wé ìjọba jókòó lé fáìlì rẹ̀, kí òfin ní ó ti gbà, kò sí ẹni tí yóò kú. A kò sì sọ pé a ti rí páìpù kan tí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ gba àṣẹ rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ìlànà náà kò yẹ páìpù gáàsì rárá, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á dé ibẹ̀. Páìpù yóò gba inú oko kọjá, yóò gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, yóò gba ẹ̀bá ilé ìwé kọjá, gáàsì inú rẹ̀ yóò sì máa fi agbára sáré lábẹ́ ilẹ̀ fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún. Bí ọ́fíìsì bá dákẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bóyá ìwé ti sọnù. Bóyá kò sí mọ́tò tí yóò gbé olùyẹ̀wò lọ wo ilẹ̀. Bóyá ẹnìkan ti gba nǹkan kí ó lè dákẹ́. Òfin wá ní gbogbo èyí, «bẹ́ẹ̀ ni» ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, tí òfin bá sọ ìdákẹ́jẹ́ di àṣẹ, ìdákẹ́jẹ́ di ọjà nìyẹn, wọn yóò sì máa rà á.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wo pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Bí ẹgbẹ́ bá kọ ìwé sí ọ̀gá pé owó oṣù kò tó, tí a fún un ní ọjọ́ 21, tí ọjọ́ pé tí ọ̀gá kò dáhùn, ǹjẹ́ òfin kan wà tó ní kí a lọ sí ọ́fíìsì olówó lọ gba àfikún, torí pé ọ̀gá tó dákẹ́ ti gbà? Kò sí! Bí a bá dán an wò, ọlọ́pàá ni yóò bá wa sọ ọ̀rọ̀ tó kù. Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni fún òṣìṣẹ́. Kí ló wá dé tí ìdákẹ́jẹ́ ìjọba yóò fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún ilé iṣẹ́ páìpù?

Ẹ tún wo ti ọjọ́. Nínú Òfin Páìpù Epo tí wọ́n ṣe ní 1956, nígbà tí Òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, awọnlẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fún un ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 14. Òfin náà fún ẹni tí páìpù yóò pa lára láyè láti wá sọ pé òun kò fẹ́, ó sì gbà kí ó kọ ọ́ sínú ìwé tàbí kí ó fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn: kí ó fi ẹnu sọ ọ́! Bàbá àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti dúró níwájú ìjọba kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Òfin náà kò gbà kí wọ́n kan wọ ibi tí a sin òkú sí, tàbí igbó tí àwọn ènìyàn ń bọ. Lẹ́yìn náà, òfin 86 ti 1992 ní páìpù tó bá ju kìlómítà 50 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí yóò ṣe kan ilẹ̀, omi àti ènìyàn. Ìwé àyẹ̀wò náà, ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń gbé e síta kí ará ìlú lè kà á.

Ọjọ́ 14. Ọjọ́ 21. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìjà òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ní Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó wà ní ibi iṣẹ́ kòṣeémánìí fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 15, ó kéré tán, kí ó tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọjọ́ 15 fún ọ̀gá kí ó lè múra sílẹ̀, ìjọba kò rí i pé ó pọ̀. Ọjọ́ 14 fún àgbẹ̀ kí ó lè mọ ẹni tí ń bọ̀ wá wú igi rẹ̀, ó wá di ohun tó ń ba ọrọ̀ ajé jẹ́. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ méjèèjì.

Ǹjẹ́ àgbẹ̀ tilẹ̀ ni ó ń dá páìpù dúró? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn páìpù ńlá tí gbogbo wa gbọ́ orúkọ wọn. Páìpù AKK, láti Àjàòkúta dé Kàdúná dé Kánò, kìlómítà 614, Ààrẹ Bùhárí ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2020. Títí di ìparí 2024, gáàsì kò tíì dé Kánò. Owó tí wọ́n retí láti yá lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà kò wá bí wọ́n ṣe rò, NNPC sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná tirẹ̀. Páìpù OB3 tó yẹ kí ó so gáàsì ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn ńkọ́? Abẹ́ odò Ọya ni ó há sí. Wọ́n lu ihò, ihò kọ̀. Wọ́n tún lu ihò, ó tún kọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kò sí àgbẹ̀ kan tó dúró sínú odò Ọya tó ní kí wọ́n má kọjá.

Bí ìjọba bá tilẹ̀ fẹ́ràn kíákíá tó bẹ́ẹ̀, a ní ìbéèrè kan. Ní 1979, ìjọba ológun ṣe òfin pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, ilé iṣẹ́ epo kò gbọdọ̀ máa sun gáàsì dànù mọ́, àfi bí mínísítà bá fi ìwé gbà á láyè. Ìwé àyè yẹn ni wọ́n fi sọ òfin náà di yẹpẹrẹ. 1984 dé, ó kọjá. 2021 dé, wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò òfin náà. Iná gáàsì ṣì ń jó ní Niger Delta. Nígbà tí kíákíá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ epo, ó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí kíákíá kan àgbẹ̀, ọjọ́ 14 pọ̀ jù!

Ẹni tó bá rò pé a ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, kí ó wo inú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín. Ìtòkí ni Páìpù Gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Àgbádárìgì wọ inú òkun, ó kọjá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó dé Gánà, kìlómítà 678. Páìpù yẹn kò jìyà ọ̀rọ̀ àṣẹ. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló jọ fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀ ní 2003, tí wọ́n dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí olówó má baà máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Báǹkì Àgbáyé ṣe onídùúró fún un. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílẹ̀? Ní 2006, àwọn ìlú 12 lápá Àgbádárìgì, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ìfẹ́sowápọ̀, kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ìgbìmọ̀ Aṣèwádìí ti Báǹkì Àgbáyé. Ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé owó gbà-má-bìínú tí wọ́n san kéré jọjọ, pé wọn kò ṣírò ohun tí oko ìbá máa mú wá láti ọdún dé ọdún, pé wọn kò sì ṣàlàyé fún àwọn ará ìlú bó ṣe yẹ. Nígbà tí àbọ̀ yẹn fi jáde, wọ́n ti ri páìpù mọ́lẹ̀. Ìparí ọdún náà ni gáàsì àkọ́kọ́ dé Gánà. Ẹ̀tọ́ ń fẹsẹ̀ rìn, katapílà ti lọ ó ti bọ̀.

Ẹ fi èyí wé Rẹ́mọ. Iṣẹ́ kí ni baba wa fi rán wa lọ sílé ìwé? Iṣẹ́ obì ni. Obì gbànja ilẹ̀ wa ni àwọn Hausa tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣàgámù fún, tí wọ́n ń di í sínú agbọ̀n lọ sí Òkè Ọya. Igi obì kan yóò gba ọdún 5 sí 7 kí ó tó so, ó sì lè máa so fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tó gbìn ín á kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa ká a. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ nítorí páìpù, owó ohun tó wà lórí rẹ̀ ni òfin sọ pé kí wọ́n san: ilé, igi, irè oko. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní iye lórí, àfi owó ilẹ̀ ọdún kan bí ènìyàn bá ń san án. Nítorí náà, lórí igi obì ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí wọ́n bá ka igi náà bí ẹni ka ewébẹ̀, tí wọ́n san owó ìkórè ọdún kan, wọ́n ti ja ọmọ ọmọ lólè. Wọn kò sì ní gbà kí a tún gbin igi tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn sórí páìpù mọ́. Ta ni yóò jókòó ti onílẹ̀ kà á dáadáa, bí òfin bá ti ní kí ọjọ́ má gùn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà tún wà níbẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ni ó sì kọ́kọ́ kàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2008, ní Ìjẹ̀gún l'Ékòó, katapílà tó ń ṣe títì lu páìpù epo, iná sọ, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ọmọ ilé ìwé wà nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé torí pé Nàìjíríà ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2004, ní Ghislenghien ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, páìpù gáàsì tí ẹ̀rọ ti ha lára níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ bú gbàmù. Ènìyàn 24 kú, àwọn panápaná àti òṣìṣẹ́ wà nínú wọn. Ẹni tó ń wa katapílà kò lè rí abẹ́ ilẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ló lè gbà á là, àti olùyẹ̀wò tó ní àyè láti fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọjọ́ tí wọ́n ń gé kúrò lórí ìwé, ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gé mọ́ ọn.

Wọ́n tún máa ń sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é l'Ámẹ́ríkà. Lóòótọ́, ní oṣù kẹfà 2023, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ki ọ̀rọ̀ páìpù gáàsì kan, Mountain Valley, bọ inú òfin gbèsè ìjọba. Wọ́n ní kí gbogbo ọ́fíìsì fún un ní àṣẹ, kí ilé ẹjọ́ má sì yẹ àwọn àṣẹ náà wò mọ́. Ní oṣù kẹfà 2024 gáàsì ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó yá, a gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti fi wà nílé ẹjọ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Tiwa, ṣé wọ́n fẹ́ tì í kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ni?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò sọ pé: «Akọ̀wé ìjọba tó jókòó lé fáìlì ńkọ́? Ẹni tó ń dúró de rìbá ńkọ́?» Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń jalè, ó ń ja àgbẹ̀, ó ń ja ilé iṣẹ́, ó sì ń ja àwa náà lólè. Àmọ́ bí ọlọ́dẹ bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́dẹ là ń jẹ níyà. A kì í tìtorí rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè nìyí, a sì fẹ́ kí aṣojú wa nílé aṣòfin gbọ́ ọ:

Èkíní, kí òfin fún olúkúlùkù ọ́fíìsì ní ọjọ́ tí yóò dáhùn. Bí ọjọ́ bá pé tí kò dáhùn, kí fáìlì lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tó sùn lé e lórí sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì jìyà. Kí ìdákẹ́jẹ́ má ṣe di àṣẹ láéláé lórí páìpù gáàsì.

Èkejì, kí wọ́n fi èdè Yorùbá kéde ọ̀nà tí páìpù yóò gbà. Kí wọ́n kà á láàfin, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláásí, láti Ìlárá dé Ìsarà, Òde àti Ìpara. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri l'Ábújá kì í ṣe ìkéde fún ará Ìlárá.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣírò igi obì àti kòkó pẹ̀lú iye ọdún tó kù tí yóò fi so, kí owó sì tẹ onílẹ̀ lọ́wọ́ kí katapílà tó wọ oko.

Ẹ̀kẹrin, kí àwòrán páìpù wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ aṣojú òṣìṣẹ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ìkarùn-ún, bí páìpù bá gba ilẹ̀ wa kọjá, kí gáàsì rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ wa. Kí a má ṣe jẹ́ afárá tí àwọn ẹlòmíràn ń gun lọ sọ́jà.

Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tí yóò fi ọdún kan kún iṣẹ́ páìpù. Ohun tí wọ́n yóò gbà lọ́wọ́ olówó kò ju kí ó san ohun tó jẹ lọ, kí ó sì bá wa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn sí ènìyàn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ ni wá lọ́jọ́ Ajé títí dé Ẹtì, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá ní kí a yan iṣẹ́, kí a sì ta oko baba wa, kò mọ̀ wá. Ẹ mú ìwé ìròyìn yìí délé, ẹ kà á fún àwọn àgbà tí kò lè kà á, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n yóò sọ, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, a ó sì fi ránṣẹ́ sí aṣojú wa l'Ábújá. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ti òfin tuntun yìí, ẹni tó bá dákẹ́, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó gbà.

Àwa kò dákẹ́ o. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!